Kán-kán-kán àti Gbì-gbì-gbì: Ìtàn Kékeré nípa Àtúnṣe

Ẹ má bínú pé mi ò kọ nǹkan kan síbí láti bí oṣù méjì. Orúnkún ló ń dà mí láàmú. Ara náà a máa bèèrè àtúnṣe bó bá ti ṣiṣẹ́ ju àádọ́rin ọdún lọ, mẹkáníìkì tirẹ̀ sì wọ́n lówó.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe náà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ti di olùkọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọwọ́, fi àkójọ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá orúkọ Yorùbá fún irinṣẹ́ àti iṣẹ́ mẹkáníìkì, ti àtúnṣe ilé náà sì wà níbẹ̀. Ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti sọ púlọ́ọ̀gì di "ohun èlò ìṣáná sínú ẹ́ńjìnnì", mo bọ́ awò ojú mi, mo bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wo ló máa na ọwọ́ jáde lábẹ́ ọkọ̀ kó ní kí ọmọ iṣẹ́ gbé ìyẹn fún òun? Kó tó sọ ọ́ tán, ilẹ̀ á ti ṣú.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé nínú ojú ewé tó lé ní ogójì, kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì wa fi ń mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ohun tí èdè Yorùbá mú wá síbi iṣẹ́ yìí tí kò yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ìlà méjì dá a lóhùn. Èsì náà ló wá gùn tó báyìí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí "tún" bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó ní kíláàsì gírámà mi rí á rántí pé mo lè lo wákàtí kan lórí ọ̀rọ̀ yìí láì mu omi. "Mo tún ilé ṣe": ọ̀rọ̀-ìṣe ló há ilé mọ́ àárín, "tún" níwájú, "ṣe" lẹ́yìn. "Tún" yìí kò jìnnà sí èyí tó wà nínú "ó tún dé". Létí Yorùbá, ẹni tó ń tún nǹkan ṣe kò kàn lẹ ibi tó ya, ó ń ṣe nǹkan ọ̀hún lẹ́ẹ̀kejì ni. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí "reparare" tiwọn, tó bí ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a tún nǹkan pèsè sílẹ̀. Àwa ò wá fi tiwa mọ sórí ohun èlò. A ń tún ilé ṣe, a ń tún ìlú ṣe, a ń tún ìwà ṣe, ìyàwó ń tún ara ṣe kó tó jáde. Igbá tó fọ́ ní í gba kasẹ létí, ìkòkò tó fọ́ ní í gba okùn lọ́rùn. A ti ń lẹ nǹkan, a ti ń so nǹkan, kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kankan tó gúnlẹ̀ sí Èkó.

Láyé ìgbà náà, kì í ṣe ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan ni wọ́n ń tún un ṣe. Àtúnṣe ní àsìkò tirẹ̀, bí òjò ṣe ní tirẹ̀. Ní ìhà igbó, ewé gbọ̀dọ̀gí ni wọ́n fi ń bo ilé. Ní ìhà ọ̀dàn, koríko ni. Kò sí èyí tó ń pẹ́ nínú méjèèjì. Ọ̀yọ́ wá sọ ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ ìjọba. Bẹẹrẹ ni orúkọ koríko tí wọ́n fi ń bo ààfin, lọ́dọọdún sì ni àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin ń ru ú wá, tí wọ́n á ṣe ọdún lé e lórí. Samuel Johnson kọ nípa ọdún yìí nínú The History of the Yorubas, ìwé tí kò rí àtẹ̀jáde àfi ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn tó ti kú. Iye Bẹẹrẹ tí Aláàfin bá ṣe ni wọ́n fi ń ka iye ọdún tó lò lórí oyè. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: òrùlé tí wọ́n ń tún bò ni kàlẹ́ńdà ọba.

Páánù ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ koríko. Ṣùgbọ́n páánù náà ń jò, pàápàá níbi ìṣó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ọyẹ́ bá ti ń lọ, tí òjò àkọ́rọ̀ kò tíì dé, bàbá mi á gun orí ilé pẹ̀lú agolo ọ̀dà àti àkísà. Iṣẹ́ tèmi wà nínú yàrá. Kò sí àjà nínú ilé wa nígbà náà. Mo máa ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa, màá dúró nínú òkùnkùn, màá máa wo òkè. Ibi tí mo bá ti rí ìmọ́lẹ̀ bí ojú abẹ́rẹ́, màá gun orí àpótí, màá fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan gún ihò náà kó yọ sí òkè. Bàbá mi á rí i, á pariwo "Mo ti rí i!", á fi ọ̀dà dí i, màá sì gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń nu páánù, fùràfùrà. Ní ọdún kan, mo gún ihò tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí eré. Ẹ ò ní fẹ́ mọ ohun tó tẹ̀lé e.

Kẹ̀kẹ́ Raleigh ló tún wà nínú ilé wa. Ìlú Nottingham ni wọ́n ti ń ṣe é, àmọ́ alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa ló ń tọ́jú ti bàbá mi. Bí irin bá kán, alágbẹ̀dẹ á rọ òmíràn. Iná kan náà tí wọ́n fi ń rọ ọkọ́ àti àdá ló fi ń ṣe é. Táyà nìkan ni bàbá mi ń ṣe fúnra rẹ̀. Á bọ́ tíúùbù jáde, á fẹ́ ẹ, á rì í bọnú bàsíà omi, a ó sì máa wá ibi tí omi ti ń hó. Á nu ibẹ̀ gbẹ, á fi nǹkan họ ọ́ kó lè ṣá, á fi sulúṣọ̀n pa á lára, á dúró. Ìdúró yẹn ló ń nira fún èmi ọmọdé. "Má fọwọ́ kàn án o. Jẹ́ kó kọ́kọ́ gbẹ díẹ̀." Títí dòní, bí mo bá rí ẹni tó fi gọ́ọ̀mù tútù lẹ nǹkan pọ̀ lójú ẹsẹ̀, inú mi kì í dùn sí i.

Ó yẹ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ táyà díẹ̀, nítorí ìtàn tó wà nínú orúkọ ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ dùn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Fọganáísà. Ní 1839, ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Goodyear rí i pé bí òun bá po rọ́bà pọ̀ mọ́ imí ọjọ́, tí òun sì fi iná sí i, rọ́bà náà kò ní yọ́ mọ́ nígbà oòrùn, kò sì ní le gan-an nígbà òtútù. Ní Ìlú Ọba, Thomas Hancock náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, William Brockedon, ló sì fún un ní orúkọ tí wọ́n ń pè é títí dòní. Inú orúkọ Vulcan ló ti yọ ọ́. Ta ni Vulcan? Òrìṣà iná àti agbẹ̀dẹ ni, láàárín àwọn ará Róòmù. Ní 1888, John Boyd Dunlop ṣe táyà tó ń gba atẹ́gùn sínú fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Belfast, ayé sì gbà á. Nígbà tí táyà náà dé ọ̀dọ̀ wa, orúkọ òrìṣà yẹn bá a wá. Ẹ wá wò ó, ọmọ Yorùbá tó ń pa ajá fún Ògún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ń jẹ́ orúkọ Ògún àwọn ará Róòmù, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún fọganáísà tó wà ní ìta ilé wa, ó ní, "Bàbá, Ògún kan náà ni. Ó kàn lọ sílùú òyìnbó ni."

Kò sì ṣe àwàdà o. Ògún ti rin ìrìn àjò tó jìnnà jùyẹn lọ. Ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé, òun náà ni ó ni irin títí di òní, ìlú yẹn sì ni àwọn mẹkáníìkì ti ń mú kí ọkọ̀ Amẹ́ríkà ti àwọn ọdún 1950 máa rìn láì rí ẹ̀yà tuntun rà fún un.

Rọ́bà náà kò ṣàjèjì sí wa. Ṣáájú kí a tó ra táyà lọ́wọ́ òyìnbó, òyìnbó ti ń ra oje igi ìrẹ́ lọ́wọ́ wa. Ní àwọn ọdún 1890, oje yìí di òwò ńlá ní ẹ̀yìn odi Èkó, ojúkòkòrò sì mú kí wọ́n kọ igi náà lára ní ìkọkúkọ títí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kú. Mi ò ní lọ jìnnà lórí ìyẹn.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ńkọ́? Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n là ní 1906, wà lára àwọn ọ̀nà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ lè gbà ní ilẹ̀ yìí. Ní Èkó, W. A. Dawodu wà lára àwọn ọmọ onílẹ̀ tó kọ́kọ́ ń ta ọkọ̀ tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Nígbà tó yá, àwọn káfíńtà wa gbà á lẹ́nu iṣẹ́: egungun ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ló ń bá ọkọ̀ ojú omi dé, àwọn ló ń fi pákó kọ́ ara lé e. Bọ́lẹ̀kájà nìyẹn. Kò sí ìwé tó kọ́ wọn. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn ló di ẹni tó ń kan ọkọ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń gbòòrò, ó pín sí ọ̀nà púpọ̀, orúkọ sì ń tẹ̀lé e: panẹ́bítà, rewáyà, wẹ́dà, àti ẹni tó ń kun ọkọ̀. Àyálò ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ẹ fetí sí ọ̀rọ̀-ìṣe wọn. Wẹ́dà kì í "wẹ́ẹ̀dì", ó ń jó irin ni: "Lọ bá mi jó o." Rewáyà ń fa wáyà. Panẹ́bítà ń na ara ọkọ̀. Orúkọ ẹni jẹ́ ti àlejò, ohun tí ọwọ́ ń ṣe jẹ́ ti ilé. Ohun tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí rí nìyẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá orúkọ sílẹ̀ fún púlọ́ọ̀gì.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ náà, ti ilé ni. Ọmọ iṣẹ́ á wà lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún mélòó kan, á kọ́kọ́ fọ nǹkan, á máa gbé sípánà, ọ̀gá á sọ ọ́ lẹ́nu, á gbá a létí nígbà mìíràn, títí ọjọ́ fúrídọ̀ọ̀mù tí ẹbí á wá, tí wọ́n á ṣe àdúrà, tí wọ́n á ya fọ́tò. Sara Berry, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, gbé ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì Ilé-Ifẹ̀ yẹ̀ wò nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1985, Fathers Work for Their Sons. Ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ni tirẹ̀, ó wo owó àti ìdílé. Èmi tí mo wà nílùú kan náà, tí èdè jẹ́ iṣẹ́ mi, ń gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn nígbà gbogbo, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Bí mo ṣe wá gbọ́ nìyí. Mo ní Volkswagen kan, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìjàpá, ọ̀kan lára èyí tí wọ́n tò pọ̀ ní Ọjọ́, l'Ékòó, níbi tí ilé iṣẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Títí di 1986, bí nǹkan bá kọ ọkọ̀ yìí, mo máa fi owó ránṣẹ́, wọ́n á fi tuntun sí i, ó parí. Lóṣù Ọ̀wàrà... rárá, oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni ìjọba jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ ní ọjà. Náírà kan àti díẹ̀ ló ń ra dọ́là kan tẹ́lẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti lé ní mẹ́rin. Owó oṣù wa ò yí padà. Gbogbo wa ní yunifásítì di ẹni tó ń ṣí bónẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu ìlú kan nígbà náà ni "mánéèjì": à ń mánéèjì táyà, à ń mánéèjì bátìrì, à ń mánéèjì ìrẹsì.

Ní 1988, ọ̀gá tó ń bá mi wo ọkọ̀ náà dúró tì í bí mo ṣe fẹ́ lọ, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Dókítà, ẹ gbọ́ o, ó ń ṣe fíín-fíín. Bẹ́líìtì yẹn ti ń lọ. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀." Mo béèrè iye rẹ̀. Ó sọ ọ́. Mo ní màá mánéèjì ẹ̀ títí oṣù á fi parí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pè wá láti Ìbàdàn pé ìyá mi wà nílé ìwòsàn, wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Èmi àti ìyàwó mi wọ ọkọ̀. Fíín-fíín náà ń bá wa lọ. Nígbà tí a kọjá Ìkirè, a ò tíì dé Àṣejírè, ìyàwó mi ní, "Ṣé ẹ gbọ́ pé ohun tó ń ké yẹn ti dákẹ́?" Mo ní, "Ìyẹn dáa." Iná pupa kékeré kan tàn níwájú mi. Mo mọ iná yẹn; ó ń sọ pé bátìrì ò gba iná mọ́. Mo rò ó pé iná tó wà nínú bátìrì á gbé wa dé Ìbàdàn, ọ̀sán gangan ni, a ò nílò fìtílà. Ìrònú ọ̀mọ̀wé nìyẹn. Ohun tí mi ò rò ni pé Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, kò ní omi. Atẹ́gùn nìkan ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn náà sì wà lórí ọ̀pá kan náà pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí àwọn méjèèjì. Bẹ́líìtì tó já kò lè ké mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mo ní ó dáa yẹn ni ọkọ̀ fi ń sọ pé kí n dúró.

Mo wà á títí ó fi gan.

Ọkọ̀ elépo kan ló gbé wa dé Ìbàdàn, ilẹ̀ ti ṣú. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán. Nígbà tí ìyá mi lajú, ọwọ́ mi ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Wọ́n ní, "Kí ló ṣe ọwọ́ ẹ tó dúdú báyìí? Ṣé wọ́n ti lé ẹ níbi iṣẹ́ ni?" Ara wọn yá lẹ́yìn náà, a dúpẹ́. Àmọ́ gbogbo ọ̀sán yẹn ni wọ́n fi ń bèèrè mi, mo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mò ń wo ẹ́ńjìnnì tí mo fúnra mi pa.

Nígbà tí wọ́n fa ọkọ̀ padà dé Ifẹ̀, ọ̀gá ò bínú. Ó wò ó, ó wò mí. "Dókítà, ọkọ̀ yìí sọ fún yín. Mo tún bá a sọ fún yín. Ta ló tún kù?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, nǹkan bí ọdún méjì. Ó kọ́ mi ní ohun tí mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe pọ́íǹtì: àyè tó yẹ kó wà láàárín rẹ̀ nínú Ìjàpá kò tó ìdajì mílímítà, bí 0.4 ni ìwé sọ. Ọ̀gá kò ní irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́n. Páálí sìgá ló ń ya, á fi há a láàárín, á fà á. Bó bá há díẹ̀ tó sì jáde, ó pé. Mo fi irin ìwọn tí mo yá wọn páálí náà. Kò yẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ni mo wá ń lọ bá. Mo mú ìwé kékeré kan dání, gbogbo ìró tó bá fi ẹnu ṣe ni mò ń kọ, pẹ̀lú àmì ohùn orí rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo rí i pé kì í kàn ṣe pé ó ń sín ẹ́ńjìnnì jẹ. Ètò wà níbẹ̀. Ẹ rántí "róbótó" àti "ròbòtò": ohun kékeré tó rí roboto gba ohùn òkè, ohun ńlá gba ohùn ìsàlẹ̀. Ohun tí mo ń kọ́ yín nípa ọ̀rọ̀ àpèjúwe nìyẹn, ọ̀gá sì ń fi ìlànà yẹn tú ẹ́ńjìnnì. Táápẹ́ẹ̀tì tó ti dẹ̀ ń ṣe kán-kán-kán, ohùn òkè, nítorí nǹkan kékeré ni. Bíárìn tó ti jẹ lára kiráńkì ń ṣe gbì-gbì-gbì, ohùn ìsàlẹ̀, irin ńlá ló ń lu irin ńlá nísàlẹ̀. Kán-kán-kán, o ṣì lè wà á délé. Gbì-gbì-gbì, pa á síbẹ̀ kí o wá ẹni tó máa fà á. Ohùn orí ọ̀rọ̀ nìkan ló ń sọ iye owó tó máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ohun tó bá ń gbá nǹkan ní gbogbo ìgbà tó bá yí, àpètúnpè ló ń gbà: ká-ká-ká tí ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà máa ń ṣe bí o bá ń kọ́nà, tó ń sọ pé oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ. Ohun tó bá ń fẹ́ tàbí tó ń fi ara ra nǹkan láì dáwọ́ dúró, fáwẹ́lì rẹ̀ ló ń gùn: ṣọ̀ọ̀ọ̀ ti sàlẹ́ńsà tó lu, hùùùn ti bíárìn ẹsẹ̀. Bẹ́líìtì wà láàárín méjèèjì, fíín-fíín, nítorí ó ń yọ̀ ó sì ń dì mú. Bí ọ̀gá bá ń ṣe táápẹ́ẹ̀tì lẹ́nu, ó máa ń lọ díẹ̀díẹ̀ ju bó ṣe ń ṣe bíárìn lọ. Mo rò pé ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni, títí mo fi kà á pé nígbà tí kiráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì ni fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu rẹ̀ mọ ìṣirò tí òun ò kà.

Àwọn tó wà ní kíláàsì mi ní 1990 mọ ohun tó kàn. Mo pè é wá sí kíláàsì. Ó wọ aṣọ òkè, ó dé fìlà, ó wo gbogbo yàrá, ó ní, "Dókítà, ẹ́ńjìnnì dà?" Mo ní kò sí ẹ́ńjìnnì, ẹnu rẹ̀ la fẹ́. Ó jókòó fún ìṣẹ́jú kan, ojú tì í. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ogójì tó ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, tó ń jiyàn bóyá "gbì" ni àbí "gbi", ọ̀gá sì ń dá wọn lẹ́jọ́: "Rárá, ìyẹn ti lọ́rì nìyẹn, mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ lọ́rì." Ẹnìkan nínú ẹ̀ka wa sọ pé mo ti sọ kíláàsì di gáréèjì. Mo ṣì gbà pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú kíláàsì mẹ́ta tí mo kọ́ dáadáa jù.

Àwọn ọkọ̀ tuntun di ọ̀wọ́n, àwọn àlòkù láti òkè òkun rọ́pò wọn, a sì fún wọn lórúkọ ọmọ: Tòkunbọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sílùú òyìnbó tí wọ́n gbé wálé là ń pè bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní kọ̀ǹpútà nínú; ní Amẹ́ríkà, láti 1996 ni òfin ti sọ pé gbogbo ọkọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ ní ojú kan náà tí wọ́n lè ki ẹ̀rọ bọ̀ láti bi í léèrè. Ọmọ ọ̀gá ló ń tọ́jú ọkọ̀ mi báyìí, ó sì ní ẹ̀rọ náà. Ní ọdún tó kọjá, ó ki í bọ̀ ọ́, ó fi P0300 hàn mí lójú fóònù rẹ̀. Mo béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì ń mísì, àmọ́ ẹ̀rọ ò mọ ojú ibi tó ti ń ṣe é. Ó fi fóònù sápò, ó ní kí n tẹ iná sí i díẹ̀, ó sì gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mọ orí yẹn.

Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìwé kékeré mi wà, ṣùgbọ́n ikán ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Mo ti ń dà á kọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀, mo ti kọ ìró mọ́kànlélógún tí mo dá lójú. Ọ̀kan wà tí mo kọ ọ́ gààràgà, tí mo fi ìlà sí nísàlẹ̀, tí mi ò sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀: "kírí-kírí-gbà". Lánàá, mo pe ọmọ ọ̀gá lórí fóònù, mo ṣe é fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dákẹ́, ó ń rò ó.

"Bàbá, ṣé bó bá ń wọ gíá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àbí bó bá ń dúró?"

Mi ò rántí.